Ìkọ́ Irin Tí Mo Yàn fún Ìléru

Ẹ má ní kí n jókòó, Màámi! Ìjókòó wo? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe fún mi? Àbúrò mi, ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ìléru, ó parọ́ fún ọ̀gá nítorí tèmi! Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ẹ gbọ́ ná. Inú ìléru yẹn, amọ̀ tó nípọn la fi ń rẹ́ ẹ, kí iná má baà jẹ irin ara ẹ̀. Amọ̀ ọ̀hún ò lè dá dúró lára òrùlé o, àfi ká fi ìkọ́ dì í mú. Ọ̀gá wá ní ká yẹ oríṣi méjì wò, ìkọ́ irin àti ìkọ́ amọ̀ sísun, ká mú èyí tó dáa. Àbúrò mi ní amọ̀ sísun ni, torí òrùlé ló ń gba iná jù. Èmi ńkọ́? Èmi tí wọ́n ń pè ní Baba Ìléru! Mo kó méjèèjì sílẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, mo gbé òòlù. Mo lu ti amọ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo lu ti irin, ó kàn tẹ̀ ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú iná là ń gbé e lọ, kì í ṣe abẹ́ òòlù.” Mo ní kó lọ fọ ẹnu ẹ̀! Ẹnu mi yìí náà ni, Màámi.

Ọjọ́ kọkànlá tá a dáná sí i, òrùlé já. Gbì! Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jẹun ni. Nígbà tó tutù tá a wọlé, iná ti jẹ àwọn ìkọ́ mi tán, wọ́n tínrín bí igi ìṣáná tó jóná. Irin! Irin tí mo fi ń yangàn!

Ọ̀gá pe gbogbo wa. “Ta ló yan ìkọ́ yìí?” Àwọn tó bá mi rẹ́rìn-ín ń wo bàtà wọn. Èmi náà tẹjú mọ́ tèmi, Ọlọ́run ń gbọ́. Àbúrò mi bá dáhùn, “Èmi ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀.” Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tó ń kọjá lára mi, ó tún fọwọ́ kàn mí léjìká! Ṣé ìyà tí wọ́n ń fi jẹ èèyàn nìyẹn? Ká ló bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan bú padà. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé; tèmi, àbúrò mi ló bá mi rù ú!

Kí lẹ wí? Pé mo lẹ́nu, kí ló dé tí mi ò lò ó? Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ sọ ọ́! Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí wọ́n ń kí mi níbi iṣẹ́, tí mi ò lè gbójú sókè. Ìyàwó ẹ̀ rí mi láàárọ̀ yìí, ó tún bi mí bóyá mo ti jẹun. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà yẹn, ǹ bá ti wọlẹ̀.

Rárá, kì í ṣe àbúrò mi ni mo fẹ́ lọ bẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni. Ẹ dìde, Màámi, ẹ wọ bàtà yín. Bí mo bá dá lọ, màá tún dákẹ́, mo mọ ara mi. Ẹ ṣáà dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, kí ẹ tẹjú mọ́ mi títí màá fi sọ ọ́ tán.