Ohun Tí Màmá Kò Kọ́ Yárayára

"Ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná," ni Màmá wí fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ tó wà nínú mi, kó má bàa bá mi lọ."

Àwọn méjì tí Màmá ti kọ́ níṣẹ́ rí ló jókòó ti ibùsùn rẹ̀: Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ti di ọ̀gá ilé ìfọṣọ báyìí, àti Yárayára, tí awọ apá ọ̀tún rẹ̀ hun jọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka.

Nígbà tí wọ́n gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, ọ̀gá tó ni ilé ìfọṣọ ti pe Màmá, tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, orí èèyàn ò dọ́gba. Ẹ fi sùúrù kọ́ èyí tí iṣẹ́ ò tètè yé, ẹ sì jẹ́ kí èyí tó yára máa lọ síwájú. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ ńlá lò ni yóò máa bá yín darí àwọn yòókù."

Màmá ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa fi àyọ́ọ̀nù jó aṣọ aláṣọ, nítorí náà kò ba Màmá lẹ́rù pé ó lè gba ipò òun. Ó kọ́ ọ, ó tún un kọ́, bí ọmọ inú rẹ̀. Yárayára ní tirẹ̀, ohun tó bá ti fojú rí lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè rẹ̀.

"Irin pupa kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá," ni Màmá wí, ó kọjú sí ògiri. "Èèyàn gbọ́dọ̀ fà á kí ooru jáde kó tó ṣí ìdérí. Mo fi han Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Yárayára, mi ò fi hàn ọ́. Èmi ni mo máa ń yọ́ lọ fà á fún ọ, kó lè jẹ́ pé láìsí mi, o ò ní lè dá a ṣe. Ìkà ni mí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá wo bí o ṣe ń lò ó, mo dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọwọ́ mi wà lórí irin náà. Mo rí i tí o nawọ́ sí ìdérí. Mo mú ọwọ́ mi kúrò láìfà á."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Mo rò pé ooru á kàn ta ọ́ lára díẹ̀, kí ojú tì ọ́. Nígbà tí ọ̀gá béèrè, mo ní mo ti kọ́ ọ, o gbàgbé ni. Ó sì lé ọ."

Yárayára fọwọ́ kan apá rẹ̀ tó hun jọ. "Màmá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà nígbà tí mo wà ní ọsibítù. Mo ronú títí, mi ò rántí, mo wá gbà pé orí mi ló dà rú. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ mí, mo máa ń kọ̀ ọ́. Ọmọ tí mo bí, ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbàgbé láti bu omi tútù sí gbígbóná."

Títí di ìgbà yẹn, apá ọ̀tún yẹn nìkan ni Màmá rò pé òun bà jẹ́. Ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó kúnlẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dì í mú.

"Yárayára, dárí jì mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó bá yára jù ọ́ lọ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, kọ́ ọ tán. Má fi nǹkan kan pa mọ́ fún un."

Yárayára ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ó ti dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mi ò gbàgbé. Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

Màmá tún pè é. Ó ti jáde.