Irọ́ Tí Mo Pa Láàárín Ìyàwó Mi àti Nọ́ọ̀sì Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá gbé e dé sàréè, ṣùgbọ́n Bùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, fẹ́ lọ fẹjọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ sùn.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ Abigi, létí omi, ni ìyàwó mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ kú, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ máa ń kó wọn jókòó láràárọ̀. Wọn á dijú, wọn á máa fọkàn bá èémí wọn lọ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ó ní bí èrò ikú bá dé, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n má sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n jẹ́ kó kọjá bí ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi ní èrò náà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́. Ó tilẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Bùsọ́lá, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yìí, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń mí."

Alàgbà ni mí ní ìjọ Aládúrà wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohùn òkè la fi ń gbàdúrà. Ìyá ìjọ wá kí wa ní ọsibítù, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti dijú. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Alàgbà, ẹ̀yin lẹ fàyè gba èyí? Ẹni tó dákẹ́ báyìí, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀?"

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Ojú ló tì mí.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyàwó mi ò fẹ́ ìjókòó náà mọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé nọ́ọ̀sì ní òun ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, kó fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ò lè ràn mí lọ́wọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọjú sí ògiri.

Ọkọ ló ń gbẹnu aya sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í. Kò pẹ́ tá a kúrò ní ọsibítù délé tó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Kó tó kú, ó ti sọ fún Bùsọ́lá pé nọ́ọ̀sì ti pa òun tì. Ọmọ náà fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ọsibítù lé obìnrin yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí." Mo ní màá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú aláìsàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú èyí fún ọmọ rẹ̀? Lánàá mo pè é lórí fóònù láti sọ fún un. Nígbà tó gbé e, mo bi í bóyá ó ti jẹun.