Ìwé Atọ́nà Tí Mo Jókòó Lé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò mi nínú Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, èmi Monísọ́lá, tí gbogbo yín ń pè ní Màmá Déolú, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ẹ má sáré kọjá ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bá mi di bírò mú, kò sẹ́ni tó ń pe lẹ́tà sí mi létí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ kí ẹ tó bínú sí mi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yóò bí yín nínú, ó sì yẹ kó bí yín nínú. Ìwé atọ́nà Ọlábísí tí a wá títí nígbà ìrìn àjò wa lójú ọ̀nà Route 66, tí ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ ru òun fúnra rẹ̀, kò sọnù rárá. Abẹ́ mi ló wà. Èmi ni mo jókòó lé e, tí mo sì ń bá yín wá a.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ ní láti mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti fi mí jẹ ààrẹ títí di ìgbà ìrìn àjò yẹn, n kò mọ̀wé kà. Bàbá mi rán àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ní kí èmi dúró ti ìyá mi tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ara ìyá mi yá, ojú ń tì mí láti lọ jókòó láàrin àwọn ọmọ kéékèèké. Mo mọ nọ́ńbà o. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní College Park, kò sí yàrá tí mi ò mọ ibi tó wà, títí tí wọ́n fi fi mí ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà ni n kò mọ̀. Déolú ọmọ mi nìkan ló mọ àṣírí yìí, ó sì bá mi bò ó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ bá ní kí n ka Bíbélì, màá pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín dìde, màá ní, “Wá kà á fún wa, kí ìjọ gbọ́ ohùn rẹ.” Tó bá kà á tán, màá ṣàlàyé rẹ̀ débi tí àwọn tó lọ sí yunifásítì á máa mi orí. Ẹ máa ń sọ pé Màmá Déolú fẹ́ràn láti máa gbé ọmọ ọlọ́mọ ga. Irọ́ ni. Ojú àwọn ọmọ yín ni mo fi ń ríran.

Ọlábísí ló dá àbá ìrìn àjò náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì ni, Union City ló ń gbé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn ó dìde, ó ní kí a fi bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Chicago dé etí òkun California, ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà kí wọ́n tó la àwọn highway ńlá. Ó ní a ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, ibi iṣẹ́ àti ilé nìkan la mọ̀. Inú wa dùn sí i. Díákónì Ọlágúnjú, tí yóò wa bọ́ọ̀sì, wá kìlọ̀ fún wa pé fóònù kò ní ṣe é, torí pé gbogbo ìgbà ni fóònù máa ń dá èèyàn padà sórí highway, àti pé ọ̀nà àtijọ́ náà ti já sí wẹ́wẹ́, ó nílò ìwé atọ́nà. Ìwé méjì ló dé orí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí Déolú bá mi rà ní mall, ó tóbi, ó ń dán, àwòrán mọ́tò àtijọ́ kún inú rẹ̀. Ìkejì ni ti Ọlábísí, ìwé kékeré kan tí wọ́n fi wáyà dì létí, tó ti gbó, tí kò sí àwòrán kan gidi nínú rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀, nọ́ńbà àti àwọn ọfà tó ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí àṣà ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí ààrẹ kó méjèèjì lọ sílé, kó gbàdúrà sí i, kó wá sọ èyí tí a ó mú.

Mo gbàdúrà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sí kíṣìnì wa ní Redan, mo ṣí ìwé méjèèjì. Èyí tó tóbi bá mi sọ̀rọ̀, torí pé àwòrán kò béèrè bóyá mo lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo ṣí ti Ọlábísí dé ìdajì, mo rí i pé àwọn nọ́ńbà ti dorí kodò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé, gbogbo rẹ̀ dorí kodò. Inú mi dùn gan-an. Mo ní, háà, èmi tí n kò mọ̀wé ti rí àṣìṣe tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí.

Ọjọ́ ìpàdé, mo gbé ìwé náà sókè. Mo ní, “Ìwé tí ìdajì rẹ̀ dorí kodò, ṣé òun ló máa gbé wa dé etí òkun, àbí inú òkun gan-an?” Ẹ rántí bí ẹ ṣe rẹ́rìn-ín. Ọlábísí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní, “Màmá, wọn ò tẹ̀ ẹ́ sódì o. Apá kan wà fún ìgbà tí a bá ń lọ. Tí a bá ń bọ̀ la máa yí ìwé náà padà, ká bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn.” Mo rò pé ó ti já mi sí ìhòòhò lójú gbogbo yín. Mo wò ó, mo ní, “Ọlábísí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé?” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ẹni tó tọ̀nà ló kúnlẹ̀ fún ẹni tó ṣì í, mo sì ní kó dìde bí ẹni pé mo ṣe é lóore. Ìwé mi la mú.

Ẹ mọ bí a ṣe rìn. Kò sí ìtọ́nà nínú ìwé àwòrán yẹn, ìtàn ló kún inú rẹ̀. Díákónì á béèrè pé, “Màmá, kí ni ìwé wí, ọ̀tún ni àbí òsì?” Màá ṣí ìwé, màá wò ó bí dókítà, màá ní ọ̀tún. Ọ̀tún yẹn ló gbé wa wọ oko àgbàdo ènìyàn kan ní Illinois. Òsì tí mo tún sọ ló gbé wa dé ìdí afárá tí wọ́n ti tì pa. Díákónì ní, “Màmá, ìwé yín yìí, ṣé ó mọ̀ pé a wà láyé?” Ẹ tún rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yára ṣí ojú ewé mìíràn.

Ní Missouri, níbi tí a ti dúró ra epo, Ọlábísí fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun mú ìwé òun dání. Ó gbé e sórí ìjókòó mi, ó sì lọ sí ilé ìtọ̀. Díákónì, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí ibi tó gbé ìwé náà sí, yọjú láti ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá, tí a bá gbéra, ẹ wá jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ máa kà sí mi létí, kí ojú mi lè wà lójú ọ̀nà.” Ó pa ilẹ̀kùn dé. Gbogbo ìlà. Ìwé àwòrán ṣe é parọ́ lé lórí. Èyí kò ṣe é parọ́ lé lórí. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo fà á sábẹ́ mi, mo tẹ́ ìborùn mi lé itan, mo sì jókòó.

Nígbà tí Ọlábísí padà dé, ó ní, “Màmá, mo gbé ìwé yẹn síbí.” Mo ní n kò rí ìwé o, bóyá ó gbé e sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Gbogbo yín bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ ìjókòó, ẹ tú báàgì, ẹ gbé kúlà omi. Èmi nìkan ni ẹ kò ní kó dìde, torí pé àgbà ni mí. Díákónì bínú. Ó ní, “Sister Ọlábísí, ẹ̀yin tí ẹ ń pín oògùn fún aláìsàn, ẹ ò lè tọ́jú ìwé kan?” Ìgbà yẹn ni ó bú sẹ́kún tó sì sọ ohun tí kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi ló ni ín. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbí, wọ́n ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lójú ọ̀nà yìí, àwọn ló kun pátákó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á mú mi lọ wò ó. Wọ́n fi bírò pupa yí ibẹ̀ ká nínú ìwé yẹn, wọ́n wá kú kí a tó lọ. Mo mọ̀ pé Oklahoma ni, mi ò há ojú ewé rẹ̀ sórí. Mi ò ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn kankan mìíràn.”

Wáyà ìwé náà ń gún mi ní itan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo lè dìde nígbà yẹn. Ìtìjú kékeré ni ìbá jẹ́, à bá sì rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán kí a tó dé Tulsa ní Oklahoma. N kò dìde. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Mo sì gbàdúrà, ẹ̀yin ará, lórí ìwé yẹn, pé kí Ọlọ́run ṣí wa lójú láti rí i. Ẹ ṣe àmín. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé.

A gba orí highway la Oklahoma kọjá. Ọlábísí fi iwájú orí ti gíláàsì fèrèsé, ó ń wo pátákó kọ̀ọ̀kan títí a fi jáde ní ìpínlẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ má fún Ọlábísí ní nǹkan mú o. Kò sì wá sí ìpàdé mọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ju ìwé náà nù. Èmi tí n kò mọ bébà tó ṣe pàtàkì yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe pàtàkì, n kì í ju bébà kankan nù. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ nílé. Ṣùgbọ́n mò ń yọ ọ́ wò. Mo rí ibi tí wọ́n fi bírò pupa yí ká, mo rí ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wà níwájú mi, n kò sì lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé mo fi ara mi jìn láti máa bá Aunty Olúwafẹ́misí mú àwọn ọmọ dákẹ́ ní kíláàsì Yorùbá lẹ́yìn ìsìn. Ẹ yìn mí fún un. N kò mú ẹnikẹ́ni dákẹ́. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, tí mò ń bá àwọn ọmọ yín pe a, b, d. Ọmọ kan tiẹ̀ sọ fún mi pé, “Grandma, ẹ ti ń gbìyànjú.” Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ọjọ́ tí ẹ fi mí jẹ ààrẹ lọ. Nígbà tó ṣe, mo yọ ìwé náà, mo wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ bírò pupa yẹn, ẹnu mi sì kà á fúnra rẹ̀: “Èmi ni mo kùn ún.” Yorùbá ni bàbá náà fi kọ ọ́. Mo sunkún lórí ilẹ̀ yàrá mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Mo lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní láíbìrì, lọ́dọ̀ Míìsì James, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì burú, lẹ́tà mìíràn á kàn jókòó síbẹ̀ tí kò ní sọ nǹkan kan. Mo bá a jà. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, mo sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ìwé náà lọ sílé Ọlábísí. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, bó ṣe kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó mú ìwé, ó ṣí i, ó rí bírò pupa, ó fi ìka tẹ̀lé e yípo. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà fún mi, ó ní, “Ẹ kà á.” Mo kà á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ: kí a kọjá afárá kékeré, kí a yà sí òsì níbi tí ọ̀dà ojú ọ̀nà ti tán, pé òtẹ́ẹ̀lì náà ti kógbá sílé ṣùgbọ́n pátákó rẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ṣì dúró. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ tún un kà.” Mo tún un kà. Nígbà tó yá, ó ní, “Màmá, mi ò tíì lè dárí jì yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ọ̀nà náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́dún yìí, a ó sì tún gbà á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, n kò mọ̀ bóyá pátákó yẹn ṣì wà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mo fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ lọ bá Ọlábísí, kí ẹ gba ẹ̀bi yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí ẹ tó wá bá èmi wí. Díákónì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Àti ẹ̀yin ọmọ wa, bí ohun kan bá wà tí ẹ kò mọ̀, ẹ yára sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ̀rín lásán ṣì ni yóò ná yín.

Ipò kan ṣoṣo ni mo ń béèrè, ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Gbogbo ìlà ni màá kà. Nígbà tí a bá sì ń bọ̀, màá yí ìwé náà padà, màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, màá sì kà á títí a ó fi délé.