Bí Mo Ṣe Dá Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Dúró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Tíṣà Ìlera mọ́. Ó ti di ọdún méjì tí orúkọ yẹn ti ń ta mí létí, mo sì ti pinnu pé òtítọ́ tí mo rì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bó ti wù kó rí lára ẹnikẹ́ni. Èmi Abigail, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Yábàá ní eré ìmárale, èmi tí gbogbo àdúgbò wa ní Àgùdà bá kẹ́dùn nígbà tí ọkọ mi Theophilus kú, èmi gan-an ni mo dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mi ò fún un ní májèlé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ni mo lò.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, dókítà sì ní kó máa rìn ní àràárọ̀. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ mi rèé. Mo ya tàìmù-tébù sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá. Mo yọ fèrè tí mo fi ń darí ọmọ ilé ìwé jáde nínú àpótí, bó bá sì pẹ́ lórí ibùsùn, n ó fọn ọ́n sí i létí. Bó bá jẹun tán, n ó ní, "Bàbá Máyọ̀kún, ẹ wo ikùn yín. Ẹgbẹ́ yín wo ló rí báyìí?" Mo rò pé ìtìjú a máa gbé ènìyàn dìde. Ó lè gbé ọmọ ilé ìwé dìde, torí pé ẹ̀rù pàṣán ń bà á. Àgbàlagbà tí a bá dójú tì, ṣe ni yóò túbọ̀ jókòó. Ọdún mẹ́rin la fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi á ní, "Tíṣà, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì ẹ o," á sì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Tìrìmísíyù ló wá gbé e dìde. Ọkùnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà. Ó kàn wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ sìn mí dé géètì." Wọ́n dé géètì, ọkọ mi padà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kàn dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì yẹn. Ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń sọ fún mi." Kó tó tó oṣù méjì, wọ́n ti ń dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kí wọ́n tó yí padà, ẹ̀rín wọn la ó sì kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí wọn. Bí ọkọ mi bá pa ọjọ́ kan jẹ, Tìrìmísíyù kì í bá a wí. "Àná ti lọ, Dádì. Ẹ bọ́ síta." Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, obìnrin tó bá gbọ́n ì bá dúpẹ́, ì bá kọ́ṣẹ́ lára ọkùnrin náà. Inú ń bí èmi ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọkọ mi dìde láti jẹ́rìí nínú ìjọ wa. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó mi fi fọn fèrè lé mi lórí, mi ò gbéra. Ọmọ Ládìpọ̀ kan ní kí n sin òun dé géètì, ẹ wò mí bí mo ṣe di ọ̀dọ́mọkùnrin!" Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ló ń ṣe, ó tilẹ̀ fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́ nígbà tó jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà tí a jọ ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, eyín lásán ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọkọ mi ò yan àlè, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Ara rẹ̀ ń yá láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ohun tó ń dùn mí ò ju ìyẹn lọ. Ẹ ò rí i pé èèyàn burúkú ni mí?

Mo kọ́kọ́ ń rán an níṣẹ́ ní àárọ̀: kó bá mi wo ẹ̀rọ omi, kó dúró de àwọn oníná. Kò ṣiṣẹ́, torí Tìrìmísíyù á jókòó dè é. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé kì í ṣe ìrìn ló ń fa ọkọ mi jáde, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ni. Mo dúró de Tìrìmísíyù lójú ọ̀nà, mo fajú ro. Mo ní, "Dókítà ní ìrìn yẹn ti ń pọ̀ jù fún ọkàn Dádì. Ojú ń tì í láti sọ fún ẹ. Jọ̀ọ́, má yà sílé mọ́, má sì bi í." Ọmọ ọlọ́mọ di orí mú. "Ah, Mọ́mì, ẹ má bínú. Wàláì, mi ò mọ̀ o!" Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi wọ bàtà, tó jókòó sí fàráńdà, tó ń wo géètì títí oòrùn fi mú. Ó pe Tìrìmísíyù lórí fóònù, ìyẹn ní ọjà ò jẹ́ kóun ráyè. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi bi mí pé, "Abigail, kí ni mo ṣe fún ọmọ yẹn?" Ọlọ́run là mí lọ́nà níbẹ̀, mo sì kọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ń sín yín jẹ fún àwọn ará Ládìpọ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń mí gúlegúle, gbogbo wọn ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ ń dá òun dúró." Ọkọ mi ò bínú. Ó wo ikùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà. "Ó mà gbìyànjú," lohun tó sọ. Lọ́jọ́ kejì mo mú fèrè mi, mo ní kó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Kò sì rìn mọ́ títí ó fi kú.

Lóṣù keje sí ìgbà náà, apá kan ara rẹ̀ rọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù kó tó kú. Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tìrìmísíyù wólẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún. "Mọ́mì, èmi ni mo mú wọn rìn jù. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ foríjì mí." Máyọ̀kún ọmọ mi ń wò mí, gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́." Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo gbé rù ú, èmi náà ni mo tún ṣe bí ẹni mímọ́ tí mo dárí rẹ̀ jì í! Àwọn ènìyàn ní onínúure obìnrin ni mí.

Ní oṣù tó kọjá, Azeezah ìyàwó Tìrìmísíyù wá bá mi nílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ọkọ rẹ̀, dókítà ní kó máa rìn, kò gbà. "Ó ní ohun tóun fi pa Dádì, òun ò ní fi wá ìlera. Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn lọ́kàn padà. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo lọ. Mo lo gbogbo ọgbọ́n tí mo ní, mo tilẹ̀ lo tirẹ̀ fún un, mo ní kó sìn mí dé géètì. Ó kàn mi orí ni. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo rí i pé mo fẹ́ pa ẹnìkejì. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú kankan tó kù lẹ́nu mi àfi òtítọ́, mo sì sọ ọ́ tán pátá níwájú Azeezah. Tìrìmísíyù ò pariwo. Ó ní, "Ọdún méjì, Mọ́mì. Ọdún méjì ni mo fi ń bẹ òkú." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ sílé, Mà."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń rìn. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń rí òun àti Azeezah ní àràárọ̀, tí wọ́n ń gba iwájú ilé mi kọjá. Ẹni tó máa ń kí mi láti òkèèrè tẹ́lẹ̀ kì í wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́. Máyọ̀kún ọmọ mi, ẹ̀yin ará ìjọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá dìde ṣe ohun rere, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, bó bá tilẹ̀ ń dùn yín dé egungun. Ní ti Tìrìmísíyù, mi ò ní kó dárí jì mí. Kó má kí mi títí n ó fi kú. Kó ṣáà máa kọjá.