Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì

Ní èbúté Igbókòdá, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ Abereke, bàbá kan tó wé báńdéèjì mọ́ orúnkún jókòó tì mí pẹ̀lú awakọ̀ tó fi mọ́tò gbá a láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́.

"Bàbá, ẹ kàn já sáàárín títì ni. Ẹ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn."

"Kí ni mo fẹ́ wẹ̀yìn fún? Lórí omi wa ní Zion Pepe, tí mo bá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ mi lọ, ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ló ń wo ẹni tí kò ní. Á dín eré kù kí ìgbì rẹ̀ má baà dojú ọkọ̀ mi dé. Mo gbọ́ ìró mọ́tò rẹ, mo ní wàá dín eré kù."

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lórí omi. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

"Títì kì í ṣe odò, bàbá."

"Orúnkún mi ti sọ fún mi."

"Ó dáa. Màá sìn yín délé, màá ṣàlàyé fún ìyá."

"Má ṣàlàyé o! Ó ti búra pé tí mo bá tún fi kẹ̀kẹ́ yìí ṣubú, inú omi lòun máa jù ú sí. Sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi."

"Kí ni kí n ní mo ṣe?"

"Sọ pé o mutí."

"Bàbá! Mùsùlùmí ni mí."

"Sọ pé o sùn lọ nígbà náà. Ṣebí Mùsùlùmí ń sùn."

Nígbà tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ náà wọ ọkọ̀, mo gbọ́ tí awakọ̀ ń dá sọ ọ́ wò: "Ẹ má bínú, ìyá. Oorun ló gbé mi lọ."