Àwẹ̀ Tí A Kò Gbà Ní Erékùsù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù kan ti wà lórí mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹrù náà kò sì fúyẹ́.

Mo parọ́ fún ìjọ. Irọ́ náà ti wọ inú ìwé ìrántí ìjọ wa. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa ń fi í ṣe eré lọ́jọ́ ìkórè. Wọn a mú mi jókòó síwájú, wọn a ní kí n dìde kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sì ń dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú.

Ọmọ ọmọ mi, Marí, ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un láàárọ̀, ó ní òun kò jẹ. Ó ní òun ń fi àwẹ̀ kọ́ ara òun ni. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mọ́kànlá fẹ́ lọ sí erékùsù kan nínú ọ̀sà. Wọn yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, lẹ́yìn náà wọn yóò lúwẹ̀ẹ́ láti ibẹ̀ padà sí èbúté. Mo bi í pé ta ló kọ́ wọn nírú èyí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá Àgbà. Ó wà nínú ìwé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní 1972 ni. Orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ní ọ́fíìsì, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ojú ọ̀nà, kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn. Inú àwa ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ dùn, n kò ní parọ́ ìyẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé gbogbo ilé.

Delegé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, kéde eré ìje kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ọ̀dọ́ mẹ́ta wá. Wọn yóò lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Adjarra, wọn yóò sì fẹsẹ̀ sáré padà wá sí ọjà Ouando. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdúgbò tí ẹni ìkẹyìn rẹ̀ bá ṣáájú ẹni ìkẹyìn àwọn yòókù dé ló borí. Kẹ̀kẹ́ tuntun kan ni ẹ̀bùn.

Àwa mẹ́ta láti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa la fi orúkọ sílẹ̀ fún Tokpota, àdúgbò wa. Gíyọ̀mù ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó lè gùn ún láìfọwọ́ mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi ń bà á. Ó máa ń sọ pé, "Kí ni mo fẹ́ ṣe lórí ohun tí kò ní ìjánu?" Pọ́ọ̀lù ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ìgalà, òun nìkan ló sì ní aago ọwọ́. Èmi Débórà, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, mo mọ omi. Ṣùgbọ́n n kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ìyá mi ní ọmọbìnrin kì í gùn ún.

A nílò ibi tí a ti lè kọ́ ohun tí a kò mọ̀ láìsí ẹni tó ń fi wá ṣẹ̀sín. Níbo ni ọmọbìnrin ti lè wọ ṣòkòtò péńpé, kí ó máa ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní Tokpota, kí gbogbo ilé má tú jáde? Mo rántí erékùsù kékeré kan tí ọlọ́kọ̀ ojú omi kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, igi àgbọn yí i ká, yanrìn etí omi rẹ̀ le bí sìmẹ́ǹtì. Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Mo ní kí a lọ lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ètò yẹn dùn ún ṣe! Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé mi. Òwúrọ̀, omi. Ìyálẹ̀ta, kẹ̀kẹ́. Ìrọ̀lẹ́, eré sísá. Mo kọ ohun tí a ó jẹ, mo kọ ìsinmi ọ̀sán, mo tilẹ̀ kọ ìgbà tí a ó kàn jókòó lábẹ́ àgbọn wo omi. Gíyọ̀mù kà á, ó ní, "Akọ̀wé, o gbàgbé ìgbà tí èmi máa rì." Mo bá kọ ìyẹn náà sí i.

Ó ku àṣẹ. Bàbá Samúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni olórí kíláàsì wa nínú ìjọ. Láìsí àṣẹ rẹ̀, kò sí ọmọ ìjọ tó lè sun ìta. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi ní, "Ọkùnrin, obìnrin, erékùsù, ìhòòhò nínú omi? Rárá o."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Mo mọ ohun kan nípa àwọn àgbà wa: ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í ní kí ọmọ má gbààwẹ̀. Mo padà sílé, mo mú bébà tó mọ́, mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń tọrọ àyè láti yà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta fún àwẹ̀ àti àdúrà, kí Ọlọ́run fún wọn lágbára nínú eré ìje tí ó ń bọ̀. Mo fi ẹsẹ Bíbélì kan parí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ Bíbélì yẹn ló dùn mí jù.

Bàbá Samúẹ́lì kà á, omi lé sí i lójú. Ó kà á síta fún ìjọ lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà náà ni Màmá Felísì dìde. Òun ni olórí àwọn ìyá. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló fi ìka rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì títí èmi fi mọ̀wé kà. Ó ní, "Àwọn ọmọ kò ní dá a gbà. Èmi náà á gbà á pẹ̀lú wọn nílé."

Mo yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò sọ ọ́. Mo rò pé yóò gbàgbé ni.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, mo kó gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà, epo àti ata gbígbẹ sínú àpótí ìwé orin. Bàbá Samúẹ́lì fẹ́ bá wa gbé e dé etí omi.

Ó ní, "Há! Ìwé orin ló wúwo báyìí?"

Gíyọ̀mù ní, "Bàbá, àwọn orin ìsìnkú ló wà nísàlẹ̀."

Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, a rẹ́rìn-ín títí ọlọ́kọ̀ fi ní a ó dojú ọkọ̀ òun dé.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn! Títí dòní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un, bí mo tilẹ̀ jí i ni. A so akèrègbè méjì mọ́ ìbàdí Gíyọ̀mù, ó léfòó bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń ké pe gbogbo wòlíì inú Bíbélì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta ó já akèrègbè kan sọ nù fúnra rẹ̀. Èmi gun kẹ̀kẹ́ tí Gíyọ̀mù gbé wá lórí yanrìn tútù, mo ṣubú, mo dìde, mo ṣubú. Lẹ́yìn náà n kò ṣubú mọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kún inú aṣọ mi, mo ń kọ orin ìyìn ní ohùn rara. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èdè Gùn pariwo pé kí n má dúró, kí n má dúró.

Bí a ṣe jẹun ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹja sísun láàárọ̀. Ẹja ọlọ́bẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀kọ. Àgbọn nígbà gbogbo. A gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni, láràárọ̀, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó gbàdúrà náà ló jẹ ẹja.

Nígbà tí a dé, Màmá Felísì ti ń dúró dè wá ní èbúté. Ó ti gbẹ. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Omi nìkan ló mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì yíjú sí àwọn ìyá.

Ó ní, "Ẹ wá wò wọ́n! Àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló mú wọn dán báyìí! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló bọ́ wọn!"

Pọ́ọ̀lù wo ilẹ̀. Gíyọ̀mù, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, yí padà lọ gbé àpótí ìwé orin.

A borí eré ìje náà. Gíyọ̀mù ló kẹ́yìn nínú omi, ṣùgbọ́n ó jáde, ó gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí iná ń lé. Gbogbo Tokpota dúró ní Ouando. Bàbá Samúẹ́lì fò sókè tí fìlà rẹ̀ bọ́, delegé gbá a mọ́ra, ó ní, "Kamaráàdì Bàbá!" Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì lè sọ pé mo kábàámọ̀ ayọ̀ náà.

A fi kẹ̀kẹ́ náà ta ìjọ lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ajíhìnrere wa fi gùn ún lọ sí àwọn abúlé. Bàbá Samúẹ́lì kọ ìtàn àwẹ̀ wa sínú ìwé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Màmá Felísì di bẹ́ǹṣì mú kó tó lè dìde jẹ́rìí. Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Orin ló jáde.

Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó máa ń sọ pé, "Débórà, ṣé o fẹ́ fi oúnjẹ pa mí ni? Kí ni mo ṣe fún ọ?" Èmi a ní, "Kò sí, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ ẹ́."

Bàbá Samúẹ́lì ti lọ. Gíyọ̀mù ti lọ. Mo pe Pọ́ọ̀lù ní Kútọnu lánàá. Ó rẹ́rìn-ín ìwé orin títí ó fi wúkọ́. Mo wá sọ ti àwọn ọmọ fún un. Ó ní, "Ìwọ lo kọ lẹ́tà, Akọ̀wé. Kọ òmíràn."

Òun ni mò ń kọ yìí.

Mo ti sọ fún Marí láàárọ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n. Lẹ́yìn náà ó fa àwo ẹ̀kọ rẹ̀ súnmọ́ ara rẹ̀, ó bu ú jẹ, ó ní, "Màmá Àgbà, irú ẹja wo ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ Àìkú níwájú ìjọ tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀? Àwọn ọmọ ọmọ Màmá Felísì ṣì wà ní Adjarra. Báwo ni mo ṣe máa wí fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, ẹni tó fún mi láyọ̀ tí n kò tọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wọn yóò gbéra. Ẹ̀yin ọmọ mọ́kànlá tó kù, bí lẹ́tà yìí bá bá yín kí ẹ tó wọ omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun.