Ọ̀dà Iléyá Lára Píkọ́ọ̀pù Bàbá

Nígbà ìjọba ológun tí epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe l'Ẹ́dẹ nígbà tí bàbá kan gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ dé.

"Tí mo bá ti tan iná ọkọ̀, géèjì epo á ní táǹkì kún, ti ooru á ní ẹ́ńjìnnì fẹ́ jó."

Rewáyà bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀. "Bàbá, ta ló kun abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dà?"

"Èmi ni. Mo kùn ún fún Iléyá. Ṣé ẹni tó ń wẹ̀ kì í wẹ ẹ̀yìn etí ni?"

"Ọ̀dà yín ló bo irin tí wáyà géèjì so mọ́. Iná ò rọ́nà gbà."

Rewáyà ha ọ̀dà kúrò, ó de wáyà padà, ó tan iná ọkọ̀. Ọwọ́ géèjì méjèèjì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Òótọ́ rèé, bàbá. Táǹkì yín ti fẹ́ gbẹ."

Bàbá wo ìlà ọkọ̀ gbọọrọ nílé epo òdìkejì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi kun ọ̀dà yẹn padà."